Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Tó Ń Ṣe Ètò Ìkọ̀wé Ọ́fíìsì: Iṣẹ́ Wa Ni Láti Ṣí Ìwé

Ẹ̀yin ọ̀gá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi tí mò ń kọ̀wé sí yín kì í ṣe onímọ̀ kọ̀ǹpútà, n kò sì lè kọ ìlà kan ṣoṣo nínú èdè tí ẹ fi ń ṣe ètò yín. Iṣẹ́ tèmi ni gbígba ìwé wọlé: lẹ́tà àwọn tó ń wáṣẹ́, ìwé owó àwọn tó tajà fún wa, ìwé àdéhùn, àkọsílẹ̀ ìpàdé, àti àwọn tábìlì ìṣirò tí ẹ̀ka mìíràn ń fi ránṣẹ́. Bí mo bá dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mò ń ṣe ni pé kí n ṣí àpótí ìmeèlì, kí n sì máa ṣí ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fi ìwé wọ̀nyẹn ránṣẹ́ ni n kò rí rí, tí n kò sì ní rí láé. Ẹni tó bá sọ fún mi pé kí n má ṣe ṣí ìwé tó ti ọwọ́ ẹni tí n kò mọ̀ wá, ohun tó ń sọ ni pé kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ, ọmọbìnrin kan tí a jọ ń jókòó nínú yàrá kan náà ṣí ìwé kan tó dà bí ìwé owó. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà. Ìwé náà ṣí, àwòrán kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀: àmì ètò ìkọ̀wé yín wà lókè, ọ̀rọ̀ kan sì wà nísàlẹ̀ tó sọ pé ẹ̀dà tuntun ni wọ́n fi ṣe ìwé yìí, nítorí náà kó tẹ bọ́tìnnì tó wà lórí ọ̀pá aláwọ̀ ìyeyè lókè, kó lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pá ìyeyè náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì náà. Kò rí ohunkóhun, ó wá pa ìwé náà dé, ó ní bóyá ó ti bàjẹ́ lọ́nà. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa fi mọ́, kò sí fáìlì kan tó ṣeé ṣí mọ́ lórí kọ̀ǹpútà mẹ́fà. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Bírò ló fi kọ èsì tirẹ̀ sórí pépà, nítorí kò sí kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ tí ì bá fi tẹ̀ ẹ́.

Kò sí ẹni tó kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀yin. Èyí ni mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí, mo sì ń kọ ọ́ ní gbangba kí àwọn tó jẹ́ akọ̀wé bíi tèmi lè mọ ohun tí mo béèrè lọ́wọ́ yín.

Ohun tí àwa ń pè ní ìwé kọ́ ni ẹ̀yin ń pè bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, ìwé ni ohun tí ẹnìkan kọ ọ̀rọ̀ sí kí ẹlòmíràn lè kà á. Ẹnìkan tó mọ̀ jù mí lọ ló fi hàn mí nígbà kan pé bí mo bá mú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí docx, tí mo yí ìparí orúkọ náà padà sí zip, tí mo sì ṣí i, mo máa rí i pé àpò ni. Fáìlì kéékèèké ló kún inú àpò náà: ọ̀kan gbé ọ̀rọ̀ dání, ọ̀kan ń sọ bí lẹ́tà yóò ṣe rí, àwọn mìíràn jẹ́ àwòrán, ọ̀kan sì wà tó ń sọ ibi tí àwọn ohun tí kò sí nínú àpò náà wà. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló bà mí lẹ́rù. Ó lè tọ́ka sí ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ètò yín sì dìde lọ gbé ohun tó wà níbẹ̀ wá, láìjẹ́ pé ó bi mí bóyá kó lọ tàbí kó má lọ.

Ọ̀nà yẹn ni wọ́n gbà wọlé nínú ọ̀ràn tí wọ́n pè ní Follina ní ọdún 2022. (Ìlú kan ní Ítálì ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀; olùwádìí tó sọ àlébù náà lórúkọ rí nọ́ńbà 0438 lára fáìlì náà, ó sì jẹ́ nọ́ńbà tẹlifóònù agbègbè ìlú náà. Kò sí ohun mìíràn tó pa àlébù náà àti ìlú yẹn pọ̀.) Ìwé Word tí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ibi náà kò ní macro kankan nínú (macro ni àṣẹ tí wọ́n kọ sínú ìwé kí ètò lè máa fúnra rẹ̀ ṣe iṣẹ́). Ìtọ́ka sí ojú ìwé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló ní, ojú ìwé yẹn sì pe irinṣẹ́ tí Windows fi ń wádìí ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, irinṣẹ́ náà sì jẹ́ gbogbo iṣẹ́ tí olè rán an. Bí wọ́n bá fi ìwé náà pa mọ́ gẹ́gẹ́ bí RTF, irú fáìlì ìwé mìíràn tí Word ń ṣí, kò tilẹ̀ dìgbà tí ènìyàn bá ṣí i, torí pé kí ó hàn fìrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn fáìlì yòókù, níbi tí a ti ń yẹ ìwé wò kí a tó ṣí i, ti tó láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni akọ̀wé tó kàn wo ìwé fìrí ì bá ti ṣe?

Kì í ṣe pé àlébù wà ló dùn mí jù nínú ọ̀ràn yẹn. Àwọn olùwádìí kan ti fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí Microsoft, ilé iṣẹ́ tó ni Word àti Office, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin 2022, èsì tí wọ́n sì rí gbà ni pé kì í ṣe ọ̀ràn ààbò. Nígbà tó di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, àwọn mìíràn gbé e jáde ní gbangba, àwọn ọ̀daràn sì ti ń lò ó. Ọjọ́ 30 oṣù náà ni ilé iṣẹ́ náà tó gbà pé àlébù ni, tí ó sì fún un ní nọ́ńbà CVE-2022-30190 (CVE ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àlébù kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan mọ̀). Àtúnṣe dé ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án gbáko ló wà láàárín ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ àti ọjọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo ti ṣe iṣẹ́ gbígba lẹ́tà pẹ́ débi pé mo mọ bí lẹ́tà pàtàkì ṣe máa ń sọnù sáàárín àwọn tí kò ní láárí, mo sì lè fojú inú wo ẹni tó jókòó sídìí àpótí yẹn, tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ń rọ́ lù ú lójoojúmọ́. Síbẹ̀, bí èmi bá da lẹ́tà kan nù lọ́nà bẹ́ẹ̀, wọn yóò béèrè ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀ràn tí n kò lè gbàgbé, èyí tó jẹ́ pé òun gan-an ló jẹ́ kí n mú bírò. Nínú Word àtijọ́, irinṣẹ́ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń kọ ìṣirò onílà àti onígbòǹgbò, irú èyí tó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́. Ilé iṣẹ́ Design Science ló ṣe é fún Microsoft, orúkọ fáìlì rẹ̀ sì ni EQNEDT32.EXE. Ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2000 ni wọ́n ṣe ẹ̀dà tí a ń sọ yìí jáde. Nígbà tí Office 2007 dé, ọ̀nà tuntun láti kọ ìṣirò bá a dé, ọ̀nà náà sì dára ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì. Àmọ́ wọ́n fi ti àtijọ́ sílẹ̀ síbẹ̀, kí àwọn ìwé tí wọ́n ti fi ṣe tẹ́lẹ̀ lè máa ṣí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà lórí kọ̀ǹpútà mi àti ti àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, láàárín ènìyàn tí wọn kò kọ ìṣirò onígbòǹgbò rí láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Àlébù irinṣẹ́ náà rọrùn débi pé èmi gan-an lóye rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí ìwé kan bá fẹ́ kí a fi irú lẹ́tà kan kọ ìṣirò, yóò dárúkọ irú lẹ́tà náà. Irinṣẹ́ yìí fi àyè kékeré kan sílẹ̀ nínú ìrántí kọ̀ǹpútà fún orúkọ náà, ṣùgbọ́n kò wọ̀n ọ́n wò bóyá orúkọ tó ń bọ̀ gùn ju àyè lọ. Bí ọ̀daràn bá wá fi orúkọ gígùn kan ránṣẹ́, orúkọ náà yóò kún àyè yẹn, yóò sì ṣàn kọjá sórí ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ń wò kó tó mọ iṣẹ́ tó kàn. Láti ìgbà yẹn, ọ̀daràn ló ń sọ iṣẹ́ tó kàn fún un. Èyí tó burú sí i ni pé irinṣẹ́ náà kì í ṣiṣẹ́ nínú Word fúnra rẹ̀. Ó ń dá ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni, nítorí náà àwọn odi ààbò tí wọ́n ti mọ yí Word ká láàárín ọdún wọ̀nyẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ti ẹ̀fọ́ yìí tilẹ̀ yàtọ̀, torí pé ara ewé gbígbẹ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ mọ́ ni kòkòrò náà wà.

Ọdún 17 ni àlébù náà fi wà níbẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2017 ni Microsoft tún un ṣe, lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí ilé iṣẹ́ Embedi ti rí i, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà CVE-2017-11882. Àwọn tó yẹ àtúnṣe náà wò sọ pé ó jọ pé fáìlì tó ti wà láti ọdún 2000 ni wọ́n fi ọwọ́ lẹ̀, bí ẹni lẹ aṣọ tó ya, pé kò dà bí ẹni pé wọ́n padà lọ sídìí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ láti tún un kọ. Láìpẹ́, wọ́n rí àlébù mìíràn nínú irinṣẹ́ kan náà. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2018, wọ́n yọ ọ́ dànù pátápátá.

Ìbéèrè mi nípa rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Bí ó bá ṣeé yọ dànù ní ọdún 2018, kí ló dé tí kò ṣeé yọ ní ọdún 2007, nígbà tí arọ́pò rẹ̀ dé? Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: ìwé àtijọ́ ẹnìkan lè má ṣí mọ́ bó ṣe yẹ. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ ara rẹ̀, ó sì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ pe irinṣẹ́ náà wá. Kò yẹ kí ilẹ̀kùn tí ènìyàn díẹ̀ nílò wà ní ṣíṣí nínú ilé gbogbo ayé. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ògiri tiyín lanu fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí kò sí ìdí kankan fún un mọ́.

Àbájáde rẹ̀ kò tán nílẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe. Ní oṣù Karùn-ún 2020, CISA, àjọ tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, àti FBI tẹ orúkọ àlébù mẹ́wàá jáde tí àwọn ọ̀daràn lò jù láti 2016 sí 2019. Àwọn mẹ́ta tí wọ́n ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba ilẹ̀ òkèèrè ń lò jù ni CVE-2017-11882 yìí, CVE-2017-0199 àti CVE-2012-0158. Ọ̀nà tí ìwé kan ń gbà gbé nǹkan tí ètò mìíràn ṣe sínú ara rẹ̀, èyí tí ẹ ń pè ní OLE, ni gbogbo wọn bá tan. Ẹ sì wo èyí tó kẹ́yìn: láti ọdún 2012 ni àtúnṣe rẹ̀ ti wà.

Ibí yìí ni ẹ̀bi ti kan àwọn tó ń ṣàkóso ọ́fíìsì pẹ̀lú, n kò ní fi bò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ máa ń ṣe ohun kan tó ń jẹ́ kí wọ́n sá fún àtúnṣe: ẹ máa ń so ìdí ilẹ̀kùn tí ẹ fẹ́ tì pọ̀ mọ́ ògiri tí ẹ fẹ́ kùn lọ́dà. Bí a bá gba àtúnṣe ààbò, a máa ń bá a nígbà mìíràn pé bọ́tìnnì tí a ti mọ ti kúrò níbi tó wà, pé ètò náà lọ́ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, pé fèrèsé tuntun kan ń yọjú láti sọ fún wa nípa nǹkan tí a kò béèrè. Ẹni tó ní iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ parí kó tó di ọ̀sán yóò sún un síwájú, yóò tún sún un síwájú. Ẹ fún wa ní àtúnṣe ààbò ní òun nìkan, kó kéré, kó má yí ojú ètò padà, kó sì máa wá pẹ́ tó bí a bá ṣì ń lo ètò náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ àtúnṣe dúró fún Office 2016 àti 2019. Ó yé mi pé kò sí ohun tí ẹnìkan lè máa tún ṣe títí láé. Àwọn tó ń fi ìwé oró ránṣẹ́ ni kò ní dáwọ́ dúró ní ọjọ́ yẹn.

N kò gbọdọ̀ gbàgbé macro. Ọdún 1995 ni wọ́n ti rí Concept, kòkòrò kọ̀ǹpútà tó ń gun macro Word láti inú ìwé kan bọ́ sínú òmíràn. Ní oṣù Kẹta 1999 ni Melissa dé. Ìmeèlì tó gbé e wá máa ń sọ pé ìwé tí o béèrè nìyí, má ṣe fi han ẹnikẹ́ni; bí ẹnìkan bá ṣí i, kòkòrò náà yóò fi ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí 50 ènìyàn àkọ́kọ́ tó wà nínú ìwé àdírẹ́sì onítọ̀hún, ní orúkọ onítọ̀hún. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejìlá 2015, iná ọba kú mọ́ nǹkan bíi 225,000 oníbàárà lọ́wọ́ fún wákàtí mélòó kan ní Ukraine. Ìwé Office tó ní macro wà lára ohun tí àwọn ọ̀daràn náà ti fi wọnú àwọn ilé iṣẹ́ iná náà ṣáájú. Láti 1995 títí di oṣù Kejì 2022 ni a fi dúró kí Microsoft tó kéde pé òun yóò máa dí macro inú ìwé tó bá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá, láìfi bọ́tìnnì kan síwájú wa. Nígbà tó di oṣù Keje ọdún náà, wọ́n yí i padà, ariwo sọ, wọ́n sì tún padà sídìí rẹ̀ kí oṣù náà tó parí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 27! Fún ọ̀pọ̀ nínú àkókò yẹn, ìkìlọ̀ kan, tó wá di ọ̀pá ìyeyè nígbà tó yá, ló ń bi akọ̀wé ní ìbéèrè tí onímọ̀ gan-an kò lè dáhùn láìkọ́kọ́ tú ìwé náà palẹ̀.

Kí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ṣe LibreOffice má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín nítorí pé ọ̀fẹ́ ni tiyín. Ní oṣù Kejì 2019, olùwádìí Alex Inführ fi hàn pé ìwé kan lè bo ojú ewé rẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́ka tí a kò lè rí, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá ti mú máòsì kọjá lórí rẹ̀, àṣẹ tó wà nínú fáìlì Python kan (Python jẹ́ èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà) lórí kọ̀ǹpútà yóò ṣiṣẹ́, láìsí títẹ bọ́tìnnì kankan, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Lọ́dún kan náà, LibreLogo, ìyẹn irinṣẹ́ tí àwọn ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń darí ìjàpá láti ya àwòrán, ló di ọ̀nà àbáwọlé. Ẹ tún un ṣe ní oṣù Keje, wọ́n rí ọ̀nà yà fún àtúnṣe náà, ẹ tún fi òmíràn ránṣẹ́ ní oṣù Kẹjọ. Mo yìn yín pé ẹ yára. Àmọ́ ìjàpá àwọn ọmọdé, kí ló wá ṣe nínú ìwé àdéhùn?

Ẹ ti ṣe nǹkan gidi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ojú Ìwò Aláàbò tí Office 2010 gbé dé, èyí tó ń jẹ́ kí a ka ìwé kí a tó jẹ́ kó ṣe ohunkóhun, ti gbà mí sílẹ̀ ju ìgbà tí mo mọ̀ lọ. Ohun tí mò ń béèrè ni pé kí ẹ bá a dé òpin: kí ìwé tí mo ṣí láti kà jẹ́ ìwé kíkà nìkan, kí ó má lè pe irinṣẹ́ mìíràn, kí ó má lè kàn sí ìta, bí kò ṣe pé ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò bẹ́ẹ̀ ti ṣètò rẹ̀ ṣáájú, ní ibòmíràn, ní ọkàn tútù. Ẹ má fi bọ́tìnnì tí yóò ṣí gbogbo rẹ̀ sórí ìwé gan-an, níbi tí olè lè kọ̀wé sábẹ́ rẹ̀ pé ká tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ bá sì ti fi òmíràn rọ́pò, ẹ yọ ọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà wa ní ọjọ́ tí arọ́pò rẹ̀ bá dé.

Ọmọbìnrin yẹn kò sí níbi iṣẹ́ náà mọ́. Ẹni tó jókòó sórí àga rẹ̀ báyìí pè mí ní àná, ó nawọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bi mí pé kí ni ọ̀pá ìyeyè náà ń bi òun gan-an, kí lòun sì máa tẹ̀. Mo ní kó pa á dé, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fóònù ẹni tó fi ìwé náà ránṣẹ́. Fóònù ẹni náà kò wọlé, ìwé náà ṣì wà níbẹ̀ tí a kò ṣí i, ó sì jẹ́ iṣẹ́ tí ó yẹ kí a ti parí. Èsì yín ni mò ń retí, kí n lè mọ ohun tí n ó sọ fún un.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òṣìṣẹ́ kan tó ń gba ìwé wọlé